Fíláàsì Tí Afẹ́fẹ́ Wọ̀

Paso del Sauce, Cerro Largo, Uruguay
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, 1986

Zulma ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tí ẹ bí sí Sípéènì tí n kò tíì fojú rí. Ara mi le. Mo pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lóṣù tó kọjá, mo sì ṣì ń fò gun ẹṣin láti orí ilẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogójì ọdún ń wá àpótí tí wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ lọ́dún yìí. Ẹyọ kan lo fèsì sí, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì létí odò ló sì gba ìdajì rẹ̀. N kò bínú. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mò ń kà wọ́n.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Tíṣà ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní kó lọ bá àwọn tí kò mọ̀wé. Ọdún méjì ni mo lò nílé ìwé kí wọ́n tó fi mí fún àwọn adaran, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ń da màlúù olówó kiri nínú otútù. Ilẹ̀ tí mo ti ń da màlúù wọn yẹn, èmi ni mo ni ín lónìí. Ẹnikẹ́ni ò fi ta mí lọ́rẹ. Ìgbà tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbé àtọ̀ sínú abo màlúù, gbogbo ìlú ló ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Liborio ti di ọkọ màlúù." Lọ́dún kejì, àwọn kan náà ló tò sẹ́nu ọ̀nà mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. O mọ fíláàsì ńlá tí mo ń tọ́jú àtọ̀ sí, èyí tí a ń rọ omi tútù tó ń rú èéfín sí nínú, naitirójìn. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá rọ ọ́ kún ní oṣù Kẹta, ó di oṣù Kẹjọ kí n tó ké sí ọkọ̀. Ní báyìí, wọ́n rọ ọ́ kún lógúnjọ́ oṣù Keje. Mo ti igi ìwọ̀n bọ̀ ọ́ lánàá. Bó bá kún, ìka mẹ́rìnlélógún ni yìnyín ń funfun dé lára igi, mẹ́tàlá ni mo bá. Mo gbá Walter tó ń gbé omi náà wá mú, mo ní ó ń rẹ́ mi jẹ. Ó ní, "Bàbá Liborio, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró tì mí nígbà tí mò ń rọ ọ́. Àbí mo mu ún ni?" Ọmọ àlè náà lẹ́nu.

Kì í ṣe pé n kò tọ́jú rẹ̀. Awọ àgùntàn onírun tí mo fi ń tẹ́ orí gàárì ni mo fi wé e látòkè délẹ̀, mo sì fi okùn dì í. Bí mo ṣe ń tọ́jú ẹṣin mi ni mò ń tọ́jú rẹ̀.

Agolo mẹ́fà tí a to àwọn ọ̀pá àtọ̀ sí ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ìdílé mọ́kànlá tó wà lápá ibí, tí wọn ò ní fíláàsì tiwọn. Mẹ́ta tó kù, Chingolo ni. O rántí Chingolo, akọ màlúù tó gba ipò kìíní níbi ìdíje ẹran ní ìlú Melo. Paramọ́lẹ̀ bù ú létè ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó kú kílẹ̀ tó mọ́. Òjìlúgba ọ̀pá àtọ̀ ni mo ti gbà lára rẹ̀ kó tó kú, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, òun sì nìyẹn. Kò sí Chingolo míì níbì kankan láyé. Mo ti ṣèlérí fún ìdílé kọ̀ọ̀kan pé títí dé abo márùn-ún ni màá bá wọn fi Chingolo gùn ní oṣù Kọkànlá, ọ̀fẹ́. Ṣé bí o ṣe mọ bàbá rẹ nìyẹn.

Aparicio Furtado tó wà lódìkejì odò, tí Chingolo fi ẹ̀yìn akọ màlúù tiẹ̀ nálẹ̀ ní Melo, tí kò kí mi láti ọdún mẹ́fà, gbọ́ pé omi mi ń gbẹ. Ó ránṣẹ́ pé kí n gbé agolo mi wá síbi tí fíláàsì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé òkú mi kọjá, kí wọ́n bá mi yà gbé agolo wá.

Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ni ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíláàsì wọ̀nyí. Nítorí náà, bi àwọn ọ̀gá rẹ léèrè ohun tó ń ṣe é, kí o sì fi oògùn rẹ̀ ránṣẹ́. Má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni,
Liborio Techera, bàbá rẹ


Zaragoza, Sípéènì
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọjọ́ orí tuntun náà. Leonor ni orúkọ ọmọ. Mo ti kọ ọ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń rìn, ó sì máa ń gbé orí rẹ̀ sókè bíi tiyín bí wọ́n bá bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó ń dùn mí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni lẹ́tà yín dé. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò ṣí i. Mo ní ẹ̀gàn ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Alẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ẹ̀gàn ló sì fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo kà dé ibi igi ìwọ̀n, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dárí jì mí. Ká ní mo ti ṣí i lọ́jọ́ tó dé ni.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà, Bàbá. Èmi ni mo ń wá ibi tí fíláàsì ti ń jò. Mo jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mò ń fi imú ẹ̀rọ gbóòórùn etí ibi tí wọ́n jó pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí.

Walter kò rẹ́ yín jẹ. Ara méjì ni fíláàsì ní, ara òde àti ara inú, bíi ti fíláàsì tí ẹ fi ń gbé omi gbígbóná fún tíì mate sábẹ́ apá. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì, àní afẹ́fẹ́ ò sí. Nítorí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sí ohun tó máa gbé ooru láti òde wọlé. Tí fíláàsì tó pẹ́ bá ti jìgì lórí ọkọ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án, ọrùn rẹ̀ lè sán, ojú ihò tí irun orí ò lè wọ̀. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti tó láti pa á.

Ẹ tú awọ àgùntàn yẹn kúrò lónìí. Kò ràn án lọ́wọ́, ojú yín ló bò. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Tí ó bá ń làágùn, tàbí tí yìnyín funfun bá wà lára rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ máa rí èdídí kékeré kan léjìká rẹ̀, tí wọ́n kun ní ọ̀dà pupa. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Afẹ́fẹ́ tó ti wọlé kéré, ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ẹ bá ṣí èdídí yẹn, ọjọ́ kan lẹ ní.

Kò sí oògùn tí mo lè fi ránṣẹ́. Ẹ gbé agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sọ́dọ̀ Aparicio. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá.

Ọmọ yín,
Zulma


Paso del Sauce
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, 1986

Zulma,

Mo kí ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, èsì ò dé. Bóyá àwọn ara ibẹ̀ ò jẹ́ kí èèyàn kọ lẹ́tà sí bàbá ẹ̀. Bóyá ọwọ́ rẹ dí.

Walter rọ fíláàsì kún lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, ìka mẹ́rìnlélógún pé. Òní Túsìdeè, ogún ló kù. Ìka kan lóòjọ́, ọmọ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ní padà wá di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀, bí ẹni dúró ti ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo tilẹ̀ fetí sí i. Ó ń mí.

Mo tú awọ àgùntàn kúrò kí n fi ọ̀tun wé e. Ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rù: gbogbo ọrùn rẹ̀ funfun bí irùngbọ̀n mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ercilia, opó tó ní abo méjì péré, wá láàárọ̀ yẹn, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n Liborio, àwọn ọ̀pá mi mẹ́sàn-án ń kọ́?" Mo ní, "Wọ́n ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tó kọjá géètì, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Mo ránṣẹ́ sí Tito Larrosa, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Melo. Ó wá lánàá, ó yí i po, ó fi èékánná lù ú.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló wọ àárín ara rẹ̀, Bàbá."

Mo ní, "Ohun tó bá wọlé, ó lè jáde."

Ó ní, "Mo ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ fíríìjì kan. Bí ó ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Èdídí kan wà níbí léjìká, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n gbà fà á jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe é."

Mo ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí àwọn òyìnbó fi ń gba owó gọbọi nìyẹn."

Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ ṣe é. A ó fa afẹ́fẹ́ yẹn jáde, bí kò bá tilẹ̀ tán, ká mú èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ẹni tí ẹrù wúwo lórí ẹ̀, tí wọ́n bá bá a sọ ìdajì rẹ̀ kalẹ̀, ṣé ara ò ní fúyẹ́? N kò nílò ilé ìwé láti mọ ìyẹn.

Tí lẹ́tà rẹ bá dé kó tó di Sátidé, dáadáa. Tí kò bá dé, bàbá rẹ ti ń dá gbé ìwàláàyè ẹ̀ kó o tó dé ayé.

Liborio Techera


WÁYÀ
Láti Zaragoza, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, 1986
Sí Liborio Techera, Paso del Sauce

Ẹ MÁ ṢÍ ÈDÍDÍ. KỌ̀MPÍRẸ́SỌ̀ KÒ LÈ ṢE É. Ẹ GBÉ GBOGBO AGOLO LỌ SỌ́DỌ̀ APARICIO. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. ZULMA.


Zaragoza
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, 1986

Bàbá mi,

Òwúrọ̀ yìí ni lẹ́tà yín kejì dé. Mo ka "ọjọ́ Sátidé", mo wo kàlẹ́ńdà. Sátidé yẹn ti kọjá láti ọjọ́ mẹ́fà. Síbẹ̀ mo sáré lọ fi wáyà ránṣẹ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sá. Bóyá òjò rọ̀, bóyá Tito ṣàìsàn. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí Tito ṣàìsàn.

Ẹ wò ó, tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọjà ẹran ṣàlàyé rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ tèmi tí mo bá kàn ní kí ẹ má ṣe é.

Ẹ wo ọjọ́ tí ọjà ẹran Melo kún fọ́fọ́. Ẹnì kan gbọ́ ìròyìn lẹ́nu géètì, ó fẹ́ gbé e lọ sí òdìkejì. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló rìn tó ti kọlu ẹlòmíì, ó sọ ọ́ fún un, tọ̀hún náà rìn díẹ̀, ó kọlu ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ṣe ń dé òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ooru. Ohun tín-ín-tìn-tín tójú ò rí ni afẹ́fẹ́, àìmọye wọn ló ń sá kiri láàárín ara méjèèjì fíláàsì, wọ́n ń gba ooru lára òde, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń gbé e fún ara wọn títí ó fi kan ara inú.

Ó dáa. Ẹ ní kí ìdajì èrò ọjà máa lọ sílé. Ṣé ìròyìn tó ń dé òdìkejì dín ni? Kò dín. Àwọn tó ń gbé e ti dín kù lóòótọ́, àmọ́ àyè ti gbà wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ń gbé e jìnnà ní ìlọ́po méjì kó tó kọlu ẹlòmíì. Ohun tí ẹ yọ lápá kan, ó wọlé lápá kejì. Ẹ lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún jáde nínú ọgọ́rùn-ún, bákan náà ni. Ìyẹn sì ni gbogbo ibi tí agbára kọ̀mpírẹ́sọ̀ fíríìjì mọ. Tito á wo aago ìwọ̀n, á rí i pé abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á rò pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo ló ń bẹ̀rẹ̀? Ìgbà tí èrò bá ṣẹ́kù débi pé ẹnì kan á kúrò lẹ́nu géètì, á rìn dé òdìkejì láì pàdé ẹ̀dá alààyè kankan lọ́nà. Látibẹ̀ lọ, kò sí ọ̀nà tó tún jìn ju ti tẹ́lẹ̀ tó lè rìn. Ẹni tí ẹ bá mú kúrò nígbà yẹn, ẹrù rẹ̀ bá a lọ. Ibi iṣẹ́ wa, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń fà á, wọ́n á sì máa fi iná mú fíláàsì náà gbóná títí, títí afẹ́fẹ́ tó kù kò fi ní tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Wọ́n tún fi àpò èédú kékeré síbẹ̀, tó ń fa èyí tó bá yọ́ wọlé mọ́ra nígbà tó bá tutù. Òun ló ti ń gbà yín là láti ìgbà yìí, tí ẹ ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù orí tí ẹ sọ, òótọ́ ni fún ẹrù. Kì í ṣe òótọ́ fún èyí.

Bàbá, tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ̀wé. Ohun yòówù kó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n máa wo ẹnu ọ̀nà.

Zulma


Paso del Sauce
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá, 1986

Zulma ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Leonor.

Ohun gbogbo dé sí mi lọ́wọ́. Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ kẹsàn-án, wáyà dé ọjọ́ kejìlá, lẹ́tà kejì dé lánàá. Mo ti ka ti ọjà ẹran yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó yé mi. Kò sí ẹni tó yé jù mí lọ ní gbogbo Cerro Largo, torí èmi ni mo dúró níbẹ̀ tí mo fi ojú ara mi rí i.

Ọjọ́ kẹrin la ṣe é. Nígbà tí èdídí ṣí, ó fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Tito so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ọn, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń kùn láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ aago ìwọ̀n lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Tito ní, "Bàbá, ó ju àádọ́rùn-ún lọ tó ti jáde nínú ọgọ́rùn-ún." Mo ní kí wọ́n gbé ẹran àgùntàn sórí iná. A jẹun. Mo ń sọ fún Tito bí mo ṣe ra ilẹ̀ ibi tó jókòó sí, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Ó nawọ́ mú ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Fíláàsì ti funfun látọrùn dé ìdí, èéfín ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ìkúukùu orí odò.

Òwúrọ̀ Sọ́ńdè, igi ìwọ̀n fi ìka mẹ́jọ hàn.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gun ọkọ̀ lọ bá Aparicio, èmi nìkan, n kò gbé fíláàsì. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń mu mate. Kò dìde. Ó ní, "Ó mà tó ọdún mẹ́fà."

Mo ní, "Mo fẹ́ kun fíláàsì mi ní ọ̀dà tuntun. Bóyá o lè bá mi tọ́jú agolo díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀dà."

Mo ní, "Ọ̀dà."

Ó ní, "Fíláàsì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tó bá jẹ́ ọ̀dà ni, dúró di Tọ́sìdeè. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé fíláàsì kejì bọ̀ láti Melo, àyè á gba gbogbo rẹ̀." Mo ní ó dáa. Mo tún bá a sọ̀rọ̀ òjò. Mo padà sílé.

Mo ti lọ bá a, mo ti wọ ọgbà rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ pàápàá. Mo rò pé mo ti rẹ ara mi sílẹ̀ tó. Ẹnu mi kàn kọ̀ láti sọ ìyókù.

Nígbà tí mo délé, ìka mẹ́ta. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo fi ara gbá a mú kó má ṣubú, Tito ń wa ọkọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Odò ti dé ìlàjì táyà nígbà tí a kọjá. Aparicio rí fíláàsì funfun yẹn láti ọ̀nà jíjìn, ó sì dìde lọ́tẹ̀ yìí, ó ń sáré bọ̀ bí ọmọdé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi láàárọ̀? Láàárọ̀ ọ̀nà Melo ṣì là. Ǹ bá ti rán ọmọ lọ gbé fíláàsì kejì wá. Omi ti bo afárá báyìí."

Mo gbé fíláàsì sọ̀kalẹ̀, mo ṣí i.

Ó ṣí tiẹ̀. Ó kó ti ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó yọ èyí tó lè yọ. Àyè agolo mẹ́ta ló wà. Mẹ́fà ni mo gbé wá.

Ó wo ojú mi, ó wo ti Tito, ó fa apá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ gbé Chingolo síbí. Ti àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kó yọ́, ká tún sọ ọ́ padà sínú omi tútù lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ọ̀pá tó kú àti ọ̀pá tó yè, bákan náà ni wọ́n rí. Tí abo wọn ò bá lóyún, wọ́n á ní ọdún burú. Ta ló máa mọ̀?"

Kì í ṣe èèyàn burúkú, Zulma. Àánú mi ló ṣe é. Ó jókòó síbẹ̀ ní Melo lọ́jọ́ tí wọ́n fi rìbọ́nì sí Chingolo lọ́rùn, ó mọ ohun tí mo fẹ́ pàdánù. Mo sì dúró síbẹ̀. Mo ro ti Ercilia, ọ̀pá mẹ́sàn-án, abo méjì. Mo ro ti Chingolo. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ti àwọn ìdílé ni mo gbé wọlé. Agolo mẹ́ta, pérépéré.

Chingolo wà nínú fíláàsì mi pẹ̀lú omi tí kò tó ìka kan. Aparicio ní abo méjì ń wá akọ nínú ọgbà òun, kí n tètè. Mo fi ọ̀pá mẹ́rin sínú àwọn méjèèjì. A ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n gbà á. Bí ọmọ bá jáde, Furtado ni yóò ni ín. Ìyókù yọ́ lórí tábìlì rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ó ń di omi lásán nínú ọ̀pá. Aparicio ṣí fìlà. Èmi náà ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà, ó bá mi ti fíláàsì padà sínú ọkọ̀.

N kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Mo máa ń jí bí ẹni tí ẹnì kan pè lórúkọ. Mo ń jẹun, n kò mọ ohun tí mo jẹ. Mo gun ẹṣin lánàá, mo wá àpótí.

Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ìdílé mọ́kànlá ń bọ̀ nílé mi. Mo ní kí wọ́n wá jẹ ẹran. Wọ́n rò pé mo fẹ́ pín ọjọ́ tí Chingolo máa kàn wọ́n ni. Wọn ò mọ̀ pé ti ara wọn wà lọ́dọ̀ Aparicio, wọn ò mọ̀ pé Chingolo ti parí. Mo ti ń kọ́ ohun tí mo máa sọ, mo ń sọ ọ́ fún ògiri. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni pé Tito ló ṣe é. Tito wá, Tito wò ó, Tito ní ká fà á. Kódà nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo mọ ara mi. Tí mo bá rí ojú wọn, tí Ercilia bá wò mí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jáde, wọ́n á sì gbà mí gbọ́, torí Tito ò ní ilẹ̀, èmi ni mo ni ilẹ̀.

Nítorí náà mo kọ ọ́ síbí kí Sọ́ńdè tó dé. Tọ́jú rẹ̀. Bí o bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé mo sọ ọ́ lọ́nà míì, fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí tíṣà, kó kà á sókè fún wọn.

Lọ́jọ́ tí Tito wá, nígbà tó rí èdídí yẹn, ó bọ́ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká dúró de lẹ́tà rẹ̀." Lọ́jọ́ Sátidé, ó tún sọ ọ́. Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ mi ò lè sọ nǹkan kan tí n kò mọ̀.

Èmi ni mo ṣí i.

Liborio Techera